Fèrè Tó Ń Jí Ẹni Tó Sùn

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tí àníyàn fi ṣe ilé n'Íbàdàn, orúkọ Olúbùnmi Olúsànyà kò ní jìnnà sí òkè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó gbàgbé iná sílẹ̀ nílé ìdáná. Bí òjò bá ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa òrùlé. Bí oòrùn bá mú, á ní kàǹga fẹ́ gbẹ. Gabriel ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní reluwé, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìyàwó òun bá dé ọ̀run, kó tó jókòó ni yóò ti béèrè bóyá wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Síbẹ̀, obìnrin yìí kan náà ló dá ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí sílẹ̀ ní Bẹyẹrúnká: ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi láti dá ohùn àwọn ohun èlò orin òyìnbó mọ̀, kí wọ́n tó mọ a, b, d.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó obìnrin kan tó ń kọ́ wọn lórin fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ẹrù rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè gbà nínú ọkọ̀ òkun. Ó wá fi giramafóònù àfọwọ́yí kan àti páálí àwo orin kan sílẹ̀ fún Olúbùnmi. Àwo orin wọ̀nyí kì í ṣe ti ijó o. Ohun èlò kan ṣoṣo ló ń dá dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi èyí tó kẹ́yìn, níbi tí gbogbo wọn ti pa ohùn pọ̀. Olúbùnmi tẹ́tí sí wọn títí wọ́n fi di ará ilé rẹ̀. Nígbà tó gba iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Bẹyẹrúnká, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ní nǹkan bí ọdún 1958, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ lọ, ẹ̀rù sì ń bà á.

Àwọn òbí ni ẹ̀rù wọn ń bà á. Mùsùlùmí àwọn agboolé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti gbọ́ pé ọmọ tó bá ń jẹ́ Màmúdù wọ ilé ìwé onígbàgbọ́, Moses ni yóò máa jẹ́ jáde. Olúbùnmi fúnra rẹ̀ lọ káàkiri, ó ń kúnlẹ̀ lójúlé dé ojúlé, ó ń ṣe ìlérí pé kò ní sí orin ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní sí ìwàásù. Ìtàn àti fèrè nìkan ni. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó ná. Láti ọjọ́ náà lọ ni etí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ á já, á rò pé bàbá kan ló wá mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Àmọ́ tí a bá yọ ti ẹ̀rù kúrò, obìnrin náà mọ ọmọ kọ́. Bí o bá sọ fún ọmọ ọdún márùn-ún pé sẹ́lò nìyí, á kàn máa wò ọ́ lójú ni. Olúbùnmi sọ gbogbo ohun èlò wọ̀nyẹn di agboolé kan. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn olókùn, tí ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀, ni Baálé: kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá húkọ́, gbogbo ilé á gbọ́. Sẹ́lò, olókùn tó tẹ̀ lé e ní títóbi, ni Ìyálé tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Fáólìnì, èyí tó kéré jù, ni Ìyàwó Kékeré, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Fèrè tínńrín ni ọmọge tó ń ti odò bọ̀. Àwọn ọmọ mọ gbogbo wọn. Bí Ìyàwó Kékeré bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn lórí àwo, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ó tún ti dé o, ó tún ń jà.”

Fèrè onídẹ ló wá ṣòro. Ohùn rẹ̀ le, ó sì ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Olúbùnmi ronú ronú, ó wá sọ ọ́ di ajísààrì, ẹni tó ń jí agboolé lásìkò ààwẹ̀ kí wọ́n lè jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n yìí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí inú rẹ̀ dùn sí nǹkan. Ó rò ó pé àwọn òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí á gbọ́, wọ́n á mọ̀ pé òun ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Báyìí ni ìtàn náà ṣe lọ. Oorun kan bo agboolé náà, ó le débi pé iná ń kú lọ lábẹ́ ìkòkò, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyàwó Kékeré pariwo títí, ẹnikẹ́ni kò mira. Ìyálé kọrin, ńṣe ni oorun tún wọra sí i. Baálé húkọ́, àwọn ewúrẹ́ nìkan ló dáhùn. Lásìkò yìí, gbogbo ọmọ á ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n á ti di ojú. Olúbùnmi á wá rẹ ohùn sílẹ̀, á ní: “Ni ajísààrì bá gbé fèrè sẹ́nu. Gbogbo ẹni tó ń sùn ló jí, kò ku ẹnì kan. Àtẹni tó sùn lánàá, àtẹni tó ti ń sùn látọjọ́ pípẹ́.” Fèrè á dún lórí àwo, àwọn ọmọ á fò sókè, wọ́n á máa sáré yí ilé po. Apá tó kẹ́yìn nínú gbólóhùn náà, òun ló fi kún un, nítorí pé ó dùn lẹ́nu. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí ẹní tí yóò gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn.

Kúbúrá ni. Ọmọ Sàláúdéènì ni, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ògùnpa, ọmọ tó máa ń tẹ́tí débi pé ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ lọ sin sílé bàbá tó bí i, ní agboolé Fàsásì lẹ́yìn Ọjà'ba, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ọmọbìnrin ilé. Sàláúdéènì mú ọmọ náà wá fún Olúbùnmi nígbà tí ẹ̀gbọ́n Sàláúdéènì ń bínú, tó ń sọ pé kò sí ire nílé ìwé yẹn. Nítorí náà, nínú gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, ti Kúbúrá ni Olúbùnmi ń ṣọ́ jù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, Olúbùnmi sọ ìtàn ajísààrì fún wọn nígbà àkọ́kọ́. Ó dùn ju bó ti rò lọ. Nígbà tí fèrè dún, ilé dà rú, ẹ̀rín sọ, àwọn ọmọ gun bẹ́ǹṣì, Olúbùnmi pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sílé, tí oníkálukú ti wọ bàtà rẹ̀ tán, ló rí i pé bàtà ẹnì kan ṣẹ́ kù lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà rọ́bà pupa ni, Kúbúrá ló ni ín.

Ó pe orúkọ ọmọ náà. Ó wo ẹ̀yìn àpótí, ó wo abẹ́ àtẹ̀gùn, ó wo ilé ìgbẹ́, ó tún padà wo ẹ̀yìn àpótí bí ẹni pé ọmọ lè ti débẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò. Grace, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ní òun rò pé ó wà lára àwọn tó ń sáré kiri. Ìyábọ̀, tí ẹní rẹ̀ kan ti Kúbúrá, ní bí òun ti la ojú, òun kò rí i mọ́. Olúbùnmi fi àwọn tó kù sílẹ̀ fún Grace, ó mú bàtà rọ́bà náà lọ́wọ́, ó jáde láìwé gèlè.

Ibi tí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ ni ṣọ́ọ̀bù bàbá ọmọ náà. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún sì rèé, etí odò Ògùnpa ló wà, odò tí òjò àárọ̀ ti kún báyìí. Bó ti ń sáré lọ nínú ẹrọ̀fọ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń sáré níwájú rẹ̀. Ó ti rí ọmọ náà lórí pákó afárá. Ó ti rí pákó náà tó ń yọ̀. Ó ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n pé jọ sétí omi, tí wọ́n ń na ọwọ́ sí nǹkan kan. Gbogbo àníyàn tó ti ń ṣe láti kékeré, lórí òrùlé, lórí kàǹga, lórí iná ìdáná, ó wá dà bí eré lójú rẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, tó gbọ́ bí odò náà ti ń hó, ó túbọ̀ kí eré mọ́lẹ̀.

Sàláúdéènì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, téèpù lọ́rùn, ó ń ran ọwọ́ agbádá kan. Ó rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Tíṣà, ẹ kú òjò. Ṣé kò sí?”

Olúbùnmi na bàtà pupa náà sí i.

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kò wo bàtà pẹ́. Odò ló wò. “Kò wá síbí,” ló sọ, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà létí afárá bóyá wọ́n rí ọmọdébìnrin kan tí kò wọ bàtà. Wọn ò rí i. Ó béèrè lọ́wọ́ alágbàṣe kan tó ń kó pàǹtírí kúrò lójú omi. Kò rí i. Olúbùnmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń wo omi pípọ́n náà, ó ń bẹ Ọlọ́run lábẹ́ èémí. Kí ọkùnrin náà bú u ì bá sàn. Kò bú u. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, “Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi,” ó sì gbé ìyókù mì.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló yíjú sí i. “Kí lẹ kọ́ wọn lónìí tó fi jáde? Ṣé ẹ nà án ni?”

“Rárá o, Bàbá Kúbúrá. Mi ò fọwọ́ kàn án. Inú wọn ń dùn ni. Fèrè ni mo fi wọ́n gbọ́.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà fún un wótowòto, bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́: oorun tó bo agboolé, Ìyàwó Kékeré, Baálé, ajísààrì tó gbé fèrè sẹ́nu. “Mo wá ní gbogbo ẹni tó ń sùn ló jí, àtẹni tó sùn lánàá, àtẹni tó ti ń sùn látọjọ́ pípẹ́.”

Sàláúdéènì dúró gbagidi. “Ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Kí ó tó sọ ọ́ tán, ó ti rí i lójú ọkùnrin náà pé ọ̀rọ̀ kan ti yé e.

“Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú,” ni Sàláúdéènì wí, “ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ ló sọ fún ọmọ náà. Ó ní ìyá rẹ̀ ń sùn ni. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá fun fèrè, gbogbo àwọn tó ń sùn bẹ́ẹ̀ á jí.”

Olúbùnmi kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn náà, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ létí ibojì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbólóhùn tó fi kún ìtàn nítorí pé ó dùn lẹ́nu wá ń ró nínú etí rẹ̀, ojú sì tì í gan-an.

Wọ́n gba ọ̀nà Ọjà'ba lọ sílé tí wọ́n sin ìyá ọmọ náà sí. Ọ̀nà náà ga, òkúta rẹ̀ ń yọ̀, gbọ̀ngàn Mápó sì wà lókè lọ́hùn-ún tó ń wò wọ́n. Ẹ̀rù Olúbùnmi kò tíì lọ. Ó ṣì lè jẹ́ pé ọmọ náà ṣìnà, ó ṣì lè jẹ́ pé mọ́tò gbá a ní títì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn ti wá jókòó ti èkíní: bí wọ́n bá bá a níbẹ̀ láyọ̀ àti àlàáfíà, kí ni òun fẹ́ sọ fún un?

Ní agboolé Fàsásì, ìyá àgbà náà, Ìyá Èjìdé, jókòó lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó rí wọn, ó fi ìka sí ètè.

“Ẹ rọra. Ó wà nínú ilé. Ó ti pẹ́ tó ti dé.”

Ara Sàláúdéènì rọ̀ wọ̀ọ̀, ó fara ti ògiri. Olúbùnmi wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú oórì náà wà nísàlẹ̀ ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ńtì dán an. Kúbúrá jókòó tì í lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó ti gbé sálúbàtà ìyá rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú sílé náà kalẹ̀, ó tò ó dáadáa, ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà tí ẹni tó bá dìde á fi rọrùn láti wọ̀ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni búta àlùwàlá wà, omi kún un dé ẹnu. Ẹni tó bá jí, omi ni yóò kọ́kọ́ béèrè kó lè kírun. Ọmọ náà ti ń rí i bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ ayé rẹ̀.

Kúbúrá gbójú sókè. Kò yà á lẹ́nu láti rí wọn.

“Tíṣà, ẹ̀rọ yín ò dún dé ibí,” ó ní. “Mo ti ń tẹ́tí. Ẹ gbé e wá síbí.”

Olúbùnmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo irọ́ tó rọrùn ló kọjá lọ́kàn rẹ̀. Ó lè ní abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti kán. Ó lè ní ó di ọ̀la. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ọmọ yìí á máa dúró títí di ọ̀la, á tún máa dúró.

“Kúbúrá, mo ṣì í sọ ni,” ó ní. “Fèrè tó wà nínú ẹ̀rọ mi kò lè jí ìyá rẹ.”

“Ẹ ní gbogbo ẹni tó ń sùn.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú oorun tí ìwọ àti èmi máa ń sùn nìkan ló ti lè jí wa.”

Ọmọ náà ro ọ̀rọ̀ náà. “Ta ló wá ni fèrè tó lè jí i?”

Olúbùnmi wo Ìyá Èjìdé. Ìyá arúgbó náà mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run Ọba ló ni ín, ọmọ mi.”

“Ìgbà wo ló máa fun ún?”

Láti ìta ni ìpè ìrun ti dé, ìrun aláásárì tó. Ìyá Èjìdé fọwọ́ ti orúnkún dìde. “Kúbúrá, gbé omi yẹn wá bá mi kí n fi ṣàlùwàlá,” ó ní. Ọmọ náà wo búta, ó wo ojú oórì. Ó bú sẹ́kún. Sàláúdéènì gbé e mọ́ra, téèpù ń wọ́ nílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, òun náà sì ń sunkún. Olúbùnmi ló gbé búta náà lọ fún ìyá àgbà.

Nígbà tó ń lọ, ó fi bàtà rọ́bà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró kí Sàláúdéènì sọ ìdájọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò sọ ju “Ẹ kú wàhálà” lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Olúbùnmi sọ ọ́ fún Gabriel lórí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ nílé wọn ní Òkè Bọ́lá, Gabriel kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kó jẹun. Kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ dé, Kúbúrá kò dé. Olúbùnmi ń kọ́ wọn, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń rò ó pé ẹ̀gbọ́n Sàláúdéènì ló ń bọ̀, pé àwọn bàbá tó kù á gbọ́, pé kí oṣù tó parí òun nìkan ni yóò kù níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ òun. Ó ti fi àwo fèrè onídẹ náà sísàlẹ̀ páálí pátápátá. Oòrùn ti ga nígbà tí ilẹ̀kùn dún. Ìyá Èjìdé ló wọlé, ó fa Kúbúrá lọ́wọ́. Bàtà pupa wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà.

“Ẹ fún mi níjòókòó,” ni ìyá àgbà wí. “Mo fẹ́ gbọ́ fèrè tó ń da ilé rú yìí.”

Olúbùnmi gbé àwo Ìyálé sí i, ó rò pé ìyẹn á tù wọ́n lára. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Kúbúrá wá na ọwọ́ sókè.

“Tíṣà, ẹ fi ti ajísààrì sí i.”

Bó bá kọ̀, ọmọ náà á mọ̀ pé nítorí òun ni. Bó bá gbà, kò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó wo Ìyá Èjìdé. Ìyá àgbà fi orí sọ pé kó ṣe é. Olúbùnmi yọ àwo náà nísàlẹ̀ páálí. Àwọn ọmọ dùbúlẹ̀, wọ́n di ojú. Ó sọ ìtàn náà, ó sì ń yí i bó ti ń lọ, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí ajísààrì ti gbé fèrè sẹ́nu, ó dákẹ́, kò fi nǹkan kan kún un.

Ìyábọ̀, tí kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá, gbórí sókè lórí ẹní. “Tíṣà, ṣé gbogbo ẹni tó ń sùn ló máa jí?”

Apá ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ Olúbùnmi. Kò lè gbé e kalẹ̀, kò lè gbé e padà.

Kúbúrá ló dáhùn. Kò tilẹ̀ la ojú.

“Rárá,” ó ní. “Àwa tá a wà lórí ilẹ̀ nìkan ni.”

Ìyá Èjìdé fi etí ìborùn nu ojú. Olúbùnmi gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Fèrè dún, àwọn ọmọ fò sókè pẹ̀lú ariwo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí ilé po. Kúbúrá dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, òun náà dìde.